Àwọn àṣìṣe tó ń jẹ́ kí ìwé ìtọ́sọ́nà ìdánwò kóòdù ṣi èèyàn lọ́nà

Odindi ọ̀sán kan ni mo fi wá ohun tí kò sọnù. Mo ti gba kóòdù sọ́fítíwíà kan tó ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé sórí kọ̀ǹpútà mi, mo ṣí CONTRIBUTING.md, ìyẹn ìwé tó ń tọ́ ẹni tó fẹ́ dá sí iṣẹ́ náà sọ́nà, mo sì tẹ àṣẹ ìdánwò tí wọ́n kọ síbẹ̀: `nosetests`. Ohun tó jáde ni "AttributeError: module 'collections' has no attribute 'Callable'". Mo rò pé èmi ni mo bà á jẹ́. Àṣé ọdún 2015 ni nose, irinṣẹ́ ìdánwò tí àṣẹ yẹn ń pè, ti gbé ẹ̀yà rẹ̀ ìkẹyìn jáde, nígbà tí Python 3.10 sì dé ní 2021, wọ́n ti yọ ohun tí nose gbára lé kúrò. Àwọn alábòójútó sọ́fítíwíà náà ti ń lo pytest, irinṣẹ́ ìdánwò míì, tipẹ́. Ìwé nìkan ni kò tíì gbọ́.

Ìlà kóòdù mẹ́ta péré ni mo fẹ́ tún ṣe. Ẹlòmíì á ti pa kọ̀ǹpútà dé, á bá tiẹ̀ lọ, ẹnikẹ́ni ò sì ní mọ̀ pé ó yà síbẹ̀ rí.

Àṣìṣe tó bí ìyẹn ni "a máa tún ìwé ṣe tó bá yá". Tó bá fi máa yá, ẹni tó yí àṣẹ náà padà ti gbàgbé. Ẹ má gba pull request (àtúnṣe tí ẹnì kan fi ránṣẹ́ pé kí ẹ gbà wọlé) tó yí ọ̀nà ìdánwò padà wọlé bí kò bá tún ìwé ṣe pẹ̀lú. Kí ẹ tó gbà á, ẹ tẹ `git grep nosetests` (tàbí orúkọ yòówù tó ń kúrò nílẹ̀) láti wá a nínú gbogbo fáìlì. Ẹ máa rí i níbi tí ẹ ò fọkàn sí.

Ìkejì ló ń ṣọṣẹ́ jù lójú tèmi: kíkọ àṣẹ kan náà síbi mẹ́rin. Ó wà nínú README, ó wà nínú CONTRIBUTING, ó wà nínú wiki, ó tún wà nínú fáìlì CI, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń dán kóòdù wò fúnra rẹ̀. Ti CI nìkan ló máa ń tọ̀nà, torí ẹ̀rọ ń tẹ̀ ẹ́ lójoojúmọ́, bó bá sì bàjẹ́, gbogbo èèyàn á rí àmì pupa. Àwọn yòókù ò ní ẹni tó ń dán wọn wò. Ẹ fi àṣẹ náà sínú Makefile, fáìlì tó ń fún àṣẹ ní orúkọ kúkúrú, kí CI máa pe `make test`, kí ìwé náà sọ pé kí èèyàn tẹ `make test`. Lọ́jọ́ tí ẹ bá pààrọ̀ irinṣẹ́, inú Makefile nìkan ni nǹkan ti máa yí padà. Bí àpẹẹrẹ kóòdù bá wà nínú ìwé, ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ dán òun náà wò: doctest wà fún Python, `cargo test` sì máa ń ṣe é fún Rust.

Ẹ má fi kọ̀ǹpútà tiyín wọn ìwé náà. Database tí ẹ ti tàn sílẹ̀ láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ṣì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ẹ ò sì rántí mọ́ pé ìdánwò nílò rẹ̀. Ẹni tó mọ ọ̀nà kì í wo àmì ojú ọ̀nà. Ẹ ṣí container tó ṣófo, tó dà bíi kọ̀ǹpútà tuntun tí a kò tíì fi nǹkan kan sí, kí ẹ tẹ̀ lé ìwé náà ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Bí ẹni tuntun bá dé, ẹ bẹ̀ ẹ́ kó kọ gbogbo ibi tó ti há lọ́jọ́ àkọ́kọ́ sílẹ̀, torí tó bá di ọ̀sẹ̀ kejì, òun náà ò ní rí i mọ́. Ohun tí wọ́n sábà máa ń bèèrè ni bí wọ́n ṣe lè ṣe ìdánwò ẹyọ kan ṣoṣo, bó ṣe máa pẹ́ tó, àti èyí tó ti ń kùnà tẹ́lẹ̀.

Ẹ má kọ "ìdánwò 214 ló máa yege". Lọ́la wọ́n á ti di 215.

Ẹ má sì tọ́jú ti àtijọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tuntun. Àtìlẹ́yìn fún Python 2 parí ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2020, síbẹ̀ mo ṣì ń rí ìwé tó ń tọ́ èèyàn sọ́nà rẹ̀. Ẹ pa á rẹ́. Git, tó ń tọ́jú gbogbo ẹ̀yà àtijọ́, ò ní gbàgbé rẹ̀.

Èyí tó kù ni fífi àtúnṣe ìwé sílẹ̀ fún oṣù mẹ́ta torí pé "ìwé lásán ni". Níbi tí mo ti pàdé `nosetests` yẹn, pull request àkọ́kọ́ tí mo fi ránṣẹ́ yí ọ̀rọ̀ ẹyọ kan padà. Wọ́n gbà á wọlé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ní ọjọ́ kejì, mo fi ìlà mẹ́ta mi ránṣẹ́.