Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe áàpù fáwọn lọ́yà, ẹ kọ́kọ́ lọ jókòó ní kóòtù

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ṣe áàpù, tó bá jẹ́ lọ́yà Nàìjíríà lẹ fẹ́ kó máa lò ó, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má tíì kọ kóòdù kankan. Ẹ lọ sí kóòtù láàárọ̀. Ẹ máa rí i pé adájọ́ púpọ̀ ṣì ń fọwọ́ kọ ohun tí ẹlẹ́rìí ń sọ, lọ́yà á dúró kó kọ ọ́ tán kó tó bi ìbéèrè míì, tí wọ́n bá wá sún ẹjọ́ síwájú, kálukú á yọ dáyárì ẹ̀ jáde. Dáyárì yẹn lẹ ń bá du ọjà o! Tí áàpù yín bá ní àfi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá wà, bírò ló máa borí, torí náà ẹ jẹ́ kó gba ọjọ́ ìgbẹ́jọ́ sílẹ̀ láìsí dátà, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá dé kó fi ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì.

Ti AI ló le jù. Lọ́dún 2023 ní New York, nínú ẹjọ́ Mata v. Avianca, àwọn lọ́yà kó ìdájọ́ tí kò sí níbì kankan lọ bá adájọ́, ChatGPT, ìyẹn AI tó máa ń dáhùn ìbéèrè, ló hùmọ̀ wọn, adájọ́ sì ní kí wọ́n san owó ìtanràn $5,000. Ìtìjú yẹn ló ń ba lọ́yà lẹ́rù, ó sì tọ́ kó bà á lẹ́rù. Gbogbo ẹjọ́ tí áàpù yín bá dárúkọ, kó ṣeé tẹ̀, kó gbé èèyàn dé ìpínrọ̀ ibi tí adájọ́ ti sọ ọ́ gan-an, kó sì sọ bóyá kóòtù tó ga jù ti wọ́gi lé e. Tí ò bá rí nǹkan kan, kó sọ pé òun ò rí i.

Ẹ tún rántí pé lọ́yà olùpẹjọ́ àti lọ́yà olùjẹ́jọ́ nínú ẹjọ́ kan náà lè jẹ́ kọ́sítọ́mà yín lẹ́ẹ̀kan náà. Fáìlì wọn ò gbọ́dọ̀ pàdé láéláé, ẹ má fi kọ́ AI, òṣìṣẹ́ yín ò sì gbọ́dọ̀ lè ṣí i láìjẹ́ pé ó hàn sí ẹni tó ni ín.

Tẹ́ ẹ bá ń tà á, ẹ má sọ pé ó ń dín wákàtí kù, torí ọ̀pọ̀ lọ́yà wa, iye kan ni wọ́n ń gé fún iṣẹ́, wọn kì í ka wákàtí. Ẹ sọ fún ọ̀gá chambers, ìyẹn ọ́fíìsì lọ́yà, pé ọjọ́ ẹjọ́ kankan ò ní bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Àmọ́ kẹ́ ẹ tó dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá, ẹ kọ́kọ́ fún kíláàkì tó ń sáré lọ sí rẹ́jísítìrì kóòtù lójoojúmọ́, tóun bá lò ó láìjẹ́ pé ẹnì kankan kọ́ ọ, ẹ lè máa gbé e lọ fún ọ̀gá.