Mọ́tò agolo ìgbà èwe wa

Ẹ̀yin ará, ẹni tó bá rí mọ́tò agolo tó fọwọ́ ṣe ní kékeré nínú àjà ilé bàbá rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi yanrìn fọ̀ ọ́ o! Àwòrán ara agolo mílíìkì náà yóò bá ìpẹtà lọ, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ló ń ránni létí. Ibi tó dípẹtà nìkan ni kí ẹ fi òwú tí ẹ rẹ sínú omi ọsàn wẹ́wẹ́ nù. Ẹ fi omi ṣàn án, ẹ nù ún gbẹ kíákíá, kí ẹ wá fi epo ẹ̀rọ díẹ̀ pa á. Ẹ ṣọ́ra, etí agolo ṣì mú! Táyà tí a fi sílípáàsì gé sábà máa ń gan. Ẹ gé tuntun, ṣùgbọ́n ẹ tọ́jú ti àtijọ́. Sípóòkù kẹ̀kẹ́ ni mo fi rọ́pò igi tó gbé táyà, èyí tó dá lábẹ́ tèmi. Ó ń yí ju ti ìgbà yẹn lọ.