Bí A Ṣe Ń Yẹ Jíìpù Àlòkù Wò fún Ìpẹtà Kí A Tó Sanwó

Ẹni tí ó bá fẹ́ ra jíìpù tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń fún táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lágbára, kí ó lè máa fi lọ sí oko kòkó ní agbègbè Ìdànrè, sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹ́ńjìnnì. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀, ṣùgbọ́n a lè rí ẹ́ńjìnnì mìíràn rà ní Àkúrẹ́, nígbà tí ó jẹ́ pé ṣáásì tí ìpẹtà ti jẹ kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń pààrọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí pé orí rẹ̀ ni gbogbo ọkọ̀ náà jókòó lé. Abẹ́ ọkọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Ẹ béèrè ibi tí ọkọ̀ náà ti wá. Ní àwọn ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà bíi Michigan, Ohio àti New York, àti ní ilẹ̀ Kánádà, wọ́n máa ń da iyọ̀ sí ojú títì nígbà òtútù kí yìnyín lè yọ́. Omi iyọ̀ yìí a máa ta sí abẹ́ ọkọ̀, a máa wọ inú ṣáásì, a sì máa mú kí irin dípẹtà kíákíá ju bí omi òjò lásán ṣe lè ṣe lọ. Toyota pàápàá, tí a fọkàn tán gidigidi nílẹ̀ wa, gbà ní ọdún 2016 láti yanjú ẹjọ́ kan ní Amẹ́ríkà lórí ìpẹtà ṣáásì àwọn ọkọ̀ rẹ̀ kan, ìyẹn Tacoma ti ọdún 2005 sí 2010, Tundra ti 2007 sí 2008 àti Sequoia ti 2005 sí 2008. Nọ́ńbà ọkọ̀ (VIN), tí ó jẹ́ àpapọ̀ lẹ́tà àti òǹkà 17 tí wọ́n tẹ̀ sára ọkọ̀, ni a fi ń wá ìtàn rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìtàn náà a sì máa sọ ìpínlẹ̀ tí wọ́n ti lò ó. Èyí tí ó ti Texas tàbí Arizona wá fi ọkàn ẹni balẹ̀ ju èyí tí ó ti Michigan wá. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ ṣọ́ra fún ọkọ̀ tí wọ́n ti lò létí òkun ní Ìlàjẹ, nítorí iyọ̀ wà nínú omi àti afẹ́fẹ́ ibẹ̀.

Níbikíbi tí ẹ ti rí ọkọ̀ náà, ìbáà jẹ́ ojú ọ̀nà Oǹdó tàbí ojú ọ̀nà Iléṣà, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì yín. Ẹ má ṣe wọ abẹ́ ọkọ̀ tí jáàkì nìkan gbé dúró láé. Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì tó mọ́lẹ̀ dáadáa, òòlù kékeré àti búrọ́ọ̀ṣì onírin dání, kí ẹ sì gba àyè lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á kí ẹ tó kan irin rẹ̀. Ìpẹtà pupa fẹ́ẹ́rẹ́ tí búrọ́ọ̀ṣì lè ha kúrò, tí irin abẹ́ rẹ̀ sì le, kì í ṣe ohun ìbẹ̀rù. Èyí tí ó léwu ni irin tó ń ṣí ní ìpele-ìpele. Ẹ máa fi òòlù kàn án díẹ̀díẹ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn: irin tó ṣì le a dún ketekete, èyí tí ó ti jẹrà kò ní dún bẹ́ẹ̀, ó tilẹ̀ lè tẹ̀ wọnú. Ẹ lo àkókò tó pọ̀ jù lọ níbi tí sípíríǹgì ẹ̀yìn àti àwọn apá tó di ẹsẹ̀ ẹ̀yìn mú ti so mọ́ ṣáásì, nítorí ẹrẹ̀ máa ń kó jọ síbẹ̀. Ṣáásì tó ní ihò nínú a máa jẹrà láti inú wá síta, pàápàá bí ẹrẹ̀ bá ti dí àwọn ojú tí omi ń gbà jáde. Nítorí náà ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sínú àwọn ojú wọ̀nyí.

Ohun tí mo bẹ̀rù jù ni ọ̀dà dúdú tuntun lábẹ́ ọkọ̀ tó ti pẹ́. Ó lè jẹ́ ìtọ́jú lóòótọ́, ó sì lè jẹ́ pé wọ́n fi bo ìpẹtà mọ́lẹ̀ ni; nítorí náà ẹ ha á díẹ̀, ẹ sì wá ojú ibi tí wọ́n ti jó irin mọ́ irin lábẹ́ rẹ̀.

Ara ọkọ̀ kò gba àkókò tó bẹ́ẹ̀. Ẹ wo ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn àti etí ibi táyà bóyá ọ̀dà ti ń wú. Ẹ fi aṣọ tínrín bo òòfà, kí ẹ sì gbé e kiri: níbi tí kò bá ti lẹ̀ mọ́ irin, ó ṣeé ṣe kí panẹbítà ti fi pọ́tì dí nǹkan níbẹ̀. Èyí kò ṣiṣẹ́ lára Land Rover Defender àtijọ́, tí ọ̀pọ̀ ara rẹ̀ jẹ́ alumíníọ́ọ̀mù. Ara rẹ̀ lè máa dán nígbà tí ṣáásì onírin rẹ̀ ti jẹ tán. Ẹ ṣí kápẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú. Bí irin abẹ́ àga àti àwọn bóòtù tí wọ́n fi de nǹkan lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù bá dípẹtà, ó ṣeé ṣe kí omíyalé ti gbé ọkọ̀ náà rí.

Ẹ tọ páìpù bíréèkì láti iwájú dé ẹ̀yìn. Bí ó bá ń ṣí èépá, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó wa ọkọ̀ náà sọ̀kalẹ̀ ní ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ agbègbè Ìdànrè, nítorí ó lè bẹ́ nígbà tí a bá tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀.

Ìpẹtà ojú irin ṣeé fi já owó ọkọ̀ wálẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ṣáásì bá ti lu níbi tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ so mọ́, ẹ fi í sílẹ̀, kódà bí wẹ́dà bá ní òun lè lẹ̀ ẹ́, nítorí irin tuntun tí a jó mọ́ irin tó ti jẹrà kò ní ohun tí yóò dì mú. Bí ẹni tó ń tà á kò bá sì jẹ́ kí ẹ wo abẹ́ rẹ̀ rárá, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì wá òmíràn lọ.