Bí a ṣe ń lo ìbòrí eyín láti tọ́jú oríkèé àgbọ̀n tó ń dunni

Ẹ fi ìka sí iwájú etí yín méjèèjì, kí ẹ la ẹnu, kí ẹ sì tún pa á dé: ohun tó ń yí lábẹ́ ìka náà ni oríkèé àgbọ̀n. Àwo tín-ín-rín kan wà nínú rẹ̀ tí kì í jẹ́ kí egungun ha egungun. Bí àwo náà bá yẹ̀, tàbí bí ènìyàn bá ń payín keke lójú oorun tí iṣan ẹ̀rẹ̀kẹ́ kò fi sinmi, oríkèé lè máa ró kà, ó lè máa dunni, ẹnu sì lè má là dáadáa mọ́. Ìbòrí eyín, ike líle tí a ń fi sórí eyín òkè tàbí ti ìsàlẹ̀, lè dín ìnira yìí kù.

Ọ̀dọ̀ dókítà eyín ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Yóò wọn bí ẹnu ṣe là tó; ti ọ̀pọ̀ àgbàlagbà máa ń tó mìlímítà 40, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ìka mẹ́ta. Ìbòrí tí a ń rọ̀ nínú omi gbígbóná nílé kò dára tó fún iṣẹ́ yìí, nítorí kì í jókòó dọ́gba, àwọn ènìyàn mìíràn sì ń tìtorí rírọ̀ rẹ̀ di eyín mọ́ra ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn náà ni yóò mú àwòrán eyín yín, yálà pẹ̀lú ohun rírọ̀ tó ń dì sí ẹnu tàbí pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ẹnu, tí wọn yóò sì fi ṣe ike náà.

Ọjọ́ tí ẹ bá lọ gbà á ni iṣẹ́ gan-an wà. Dókítà yóò fi bébà aláwọ̀ sáàárín eyín, yóò ní kí ẹ gé e jẹ, bébà yóò sì fi àmì tóótòòtó sára ike. Ibi tí àmì bá ti nípọn ju ibòmíràn lọ ni yóò fá, títí gbogbo eyín yóò fi kan ike náà lọ́gbọọgba. Ẹ jọ̀wọ́, bí apá kan bá ṣì ga, ẹ má ṣe torí àárẹ̀ tàbí ìtìjú sọ pé ó ti dára.

Lálẹ́, ẹ fi omi tútù rin ín, kí ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́ wọlé; ẹ má fi eyín gé e wọlé, nítorí ó lè sán. Itọ́ lè pọ̀ ní òru àkọ́kọ́, ìyẹn kò burú. Lówùúrọ̀, eyín lè dà bí èyí tí kò pàdé fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ di ọ̀sán, ẹ má lò ó mọ́ títí dókítà yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì àti ọṣẹ fọ̀ ọ́, kì í ṣe omi gbígbóná tó lè lọ́ ọ.

Ẹ padà lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, kí ẹ mú ike náà dání. Bí iṣan bá ti ń dẹ̀, àgbọ̀n á máa sún kúrò ní ipò tó wà tẹ́lẹ̀, a ó sì tún un fá. Ní ọ̀sán, kí ètè pàdé ṣùgbọ́n kí eyín má kan ara wọn, àyàfi tí ẹ bá ń jẹun tàbí tí ẹ ń gbé nǹkan mì.

Bí ẹnu bá há lójijì tí kò là tàbí tí kò dé mọ́, tàbí bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bá wú pẹ̀lú ibà, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.