Áàpù Owó Yíyá Ń Tú Àṣírí Mi fún Àwọn Ènìyàn Mi: Kí Ni Òfin Sọ, Kí Sì Ni Kí N Ṣe?

Ìbéèrè: Mo yá ₦20,000 lórí áàpù kan. Nígbà tí ọjọ́ tí ó yẹ kí n san án fi ọjọ́ mẹ́ta kọjá, wọ́n fi fọ́tò mi ránṣẹ́ sí ìyá ọkọ mi àti sí olórí ẹgbẹ́ alájọ wa, wọ́n sì kọ ọ́ sí abẹ́ rẹ̀ pé olè ni mí. Níbo ni wọ́n ti rí nọ́ńbà wọn? Ṣé gbèsè tí mo jẹ fún wọn ní ẹ̀tọ́ sí irú nǹkan báyìí ni?

Ìdáhùn: Rárá o. Gbèsè náà ṣì wà lọ́rùn yín, ẹ sì gbọ́dọ̀ san án, ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni gbèsè, ọ̀tọ̀ ni orúkọ ọmọlúàbí. Àwọn Òṣómàáló ayé àtijọ́, ìyẹn àwọn Ìjẹ̀ṣà oníṣòwò aṣọ tí wọ́n máa ń lóṣòó títí wọn yóò fi gba owó wọn, ẹnu ọ̀nà ẹni tí ó jẹ wọ́n lówó gan-an ni wọ́n ń lóṣòó sí.

Nọ́ńbà náà, ọwọ́ yín ni wọ́n ti gbà á. Nígbà tí ẹ kọ́kọ́ ṣí áàpù náà, àpótí kékeré kan yọ sójú fóònù, ó ń bèèrè bóyá kí òun wo Contacts yín. Ẹni tí wọ́n lé ọmọ rẹ̀ wálé nítorí owó ilé ìwé kì í dúró ka irú ìyẹn. Ó máa ń tẹ Allow ni, gbogbo orúkọ tí ó wà nínú fóònù a sì di tiwọn. N kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi fún un. Òfin Ìdáàbòbò Dátà ti Nàìjíríà, tí Ààrẹ Bọ́lá Tinubu fọwọ́ sí ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, sọ pé ilé iṣẹ́ kò gbọdọ̀ gba ìsọfúnni ju èyí tí iṣẹ́ rẹ̀ nílò lọ, kò sì gbọdọ̀ lò ó fún ohun tí ó yàtọ̀ sí ìdí tí ó fi gbà á. Nítorí náà, Allow tí ẹ tẹ̀ kì í ṣe àṣẹ láti dójú tì yín.

Ìbéèrè: Ṣé kí n tètè yọ áàpù náà kúrò lórí fóònù mi?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì yọ ọ́. Inú rẹ̀ ni àdéhùn owó yín wà, àti iye èlé tí wọ́n sọ fún yín ní ìbẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá yọ ọ́, ẹ ti sọ ẹ̀rí nù. Ohun tí ẹ ó kọ́kọ́ ṣe ni pé kí ẹ wọ Settings, kí ẹ tẹ Apps, kí ẹ wá orúkọ áàpù náà, kí ẹ tẹ Permissions, kí ẹ sì yí Contacts, fọ́tò àti àtẹ̀jíṣẹ́ sí Don't allow. Èyí kò lè gba ohun tí wọ́n ti kó lọ padà, àmọ́ kò ní jẹ́ kí wọ́n tún kó òmíràn. Lẹ́yìn náà, ẹ ya fọ́tò ojú fóònù fún gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ránṣẹ́, kí nọ́ńbà wọn, ọjọ́ àti aago hàn kedere. Ẹ bẹ ìyá ọkọ yín náà pé kí wọ́n má pa tiwọn rẹ́, bí ó ti wù kí ó bí wọn nínú tó, nítorí èyí tí ó wà lórí fóònù wọn ni ẹ̀rí tí ó lágbára jù lọ.

Lẹ́yìn èyí, ẹ kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ náà pé ẹ gba ìyọ̀ǹda yín padà, àti pé kí wọ́n pa nọ́ńbà àwọn ènìyàn yín rẹ́. Òfin fún yín ní ẹ̀tọ́ sí méjèèjì. Bí ẹ bá fẹ́ san owó wọn, inú àkáǹtì ilé iṣẹ́ ni kí ẹ san án sí, ẹ má san án sínú àkáǹtì ẹni tí ó ń pè yín tí ó ń bú yín.

Ìbéèrè: Èmi kò yá kọ́bọ̀. Aládùúgbò mi ló yáwó, èmi ni wọ́n ń pè láàárọ̀ lálẹ́.

Ìdáhùn: Ẹjọ́ tiyín tilẹ̀ le fún wọn ju tonígbèsè lọ, nítorí pé ẹ kò bá wọn ṣe àdéhùn kankan, ẹnikẹ́ni kò sì bi yín kí wọ́n tó gba nọ́ńbà yín. Ẹ lè fi ẹ̀sùn kàn wọ́n ní orúkọ ara yín.

Ìbéèrè: Ta ni kí n fi ẹjọ́ sùn?

Ìdáhùn: Àjọ méjì ni. NDPC (Nigeria Data Protection Commission) ló ń rí sí ìsọfúnni ara ẹni. FCCPC (Federal Competition and Consumer Protection Commission) ló ń gbèjà oníbàárà, òun náà ló sì ń forúkọ àwọn ayánilówó orí fóònù sílẹ̀. Ẹ kọ̀wé sí àwọn méjèèjì, ẹ so ẹ̀rí yín mọ́ ọn, ẹ sì kọ́kọ́ wo orí ìkànnì FCCPC bóyá orúkọ ilé iṣẹ́ náà wà nínú àwọn tí wọ́n fọwọ́ sí. Ìtanràn tí NDPC lè bu lé ilé iṣẹ́ ńlá lè tó ₦10,000,000 tàbí ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún owó tí ó ń wọlé fún un lọ́dún, èyíkéyìí tí ó bá pọ̀ jù. Bí ìwà wọn bá pa yín lára tàbí mú yín pàdánù, òfin náà gbà yín láyè láti pè wọ́n lẹ́jọ́ gba owó gbà-máà-bínú fún ara yín.

Ìbéèrè: Ṣé ìjọba wa lè mú àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá òkè òkun, nígbà tí ti àwọn kéékèèké ilé kò tíì tán?

Ìdáhùn: Ó ti mú wọn rí. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2021, FCCPC bẹ̀rẹ̀ ìwádìí lórí ìlànà tuntun tí WhatsApp gbé jáde nípa ìsọfúnni àwọn tí ń lò ó. Oṣù 38 ni ìwádìí náà gbà. Ní oṣù Keje ọdún 2024, àjọ náà bu ìtanràn mílíọ̀nù 220 dọ́là lé Meta, ilé iṣẹ́ tí ó ni WhatsApp, lórí, ó ní ilé iṣẹ́ náà ń ṣe ọmọ Nàìjíríà ní ohun tí kò jẹ́ ṣe fún àwọn ará Yúróòpù. Meta pẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn síwájú ìgbìmọ̀ ìgbẹ́jọ́, ṣùgbọ́n ní oṣù Kẹrin ọdún 2025 ìgbìmọ̀ náà ti FCCPC lẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ pé a kò yẹ ní ohun tí ó kéré sí ti ẹlòmíràn yìí ni ó wọ̀ mí lọ́kàn jù nínú gbogbo ẹjọ́ náà.

Ọ̀rọ̀ ilé iṣẹ́ ńláńlá òkè òkun yìí kan owó yíyá náà. Ní ọdún 2023, Google kà á léèwọ̀ pé kí áàpù owó yíyá tí ó wà ní Play Store máa wo Contacts tàbí fọ́tò ẹni, ó sì ní kí èyí tí ó bá fẹ́ ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà mú ìwé àṣẹ FCCPC wá. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá fi ìlíǹkì ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp pé ibẹ̀ ni kí ẹ ti gba áàpù ẹ̀yáwó, tí ó sì ń bèèrè Contacts yín kí ó tó fún yín lówó, ẹ má tẹ Allow.