Ohun tí CPF fi ojú mi rí ní Bahia

Owó tí mo ná lórí dátà ní ìlú Salvador, ìpínlẹ̀ Bahia, mi ò ná an lórí oúnjẹ. Ohun tó fà á ni CPF, nọ́ńbà owó orí ilẹ̀ Bràsíl, ẹyọ 11 gbáko. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé àlejò pàápàá máa nílò rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ físà, káàdì yẹ́lò àti yàrá tí mo gbà ní àdúgbò Pelourinho ò gba àlàyé. Síìmù ni mo fẹ́ rà tí wọ́n ní CPF dà? Mo na páásípọ́ọ̀tù sí wọn, wọ́n mi orí. Mo fẹ́ ra tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí ìlú Cachoeira lórí fóònù, CPF. Ní ṣọ́ọ̀bù oògùn pàápàá, CPF! Síìmù Nàìjíríà ni mo wá ń lò, ó sì ń jẹ náírà mi bí ikán.

Wọ́n júwe ọ́fíìsì kan tí wọ́n ti ń gba CPF fún mi. Mo tò títí, ó kàn mí, wọ́n ní kí lorúkọ ìyá mi. Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Wọn ò gbà, àfi ìwé ìjọba tí orúkọ náà wà lára rẹ̀. Páásípọ́ọ̀tù tiwa kì í gbé orúkọ ìyá. Ìwé ìdánimọ̀ tiwọn ń gbé e. Potogí mi ò ju "bom dia" lọ. Obìnrin tó wà ní kàńtà ń sọ tiẹ̀, èmi náà ń sọ tèmi, nígbà tí inú bí mi tán, Yorùbá ni mo fi dá a lóhùn. Mo ní kí àbúrò mi n'Íbàdàn ya fọ́tò ìwé ìbí mi ránṣẹ́ (dátà tún nìyẹn), mo tẹ̀ ẹ́ sórí pépà, mo padà lọ. Ẹlòmíì ló wà ní kàńtà, kò tiẹ̀ wo ìwé ìbí ọ̀hún! Ó tẹ kọ̀ǹpútà, nọ́ńbà jáde.

Ta ló tó mi lọ́jọ́ yẹn? Mo ra síìmù, mo ra tíkẹ́ẹ̀tì, mo jẹ acarajé, àkàrà tiwọn, gbígbóná tó kún fún edé. Mo sì bá ọdún Boa Morte ní Cachoeira, èyí tí ẹgbẹ́ àwọn ìyá adúláwọ̀ ibẹ̀ ń ṣe lóṣù kẹjọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lọ, ẹ gba CPF kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, lórí ìkànnì àjọ owó orí wọn tàbí ní kọ́ńsúlétì wọn l'Ékòó. Ẹ mú ìwé ìbí dání. Pix tí gbogbo wọn fi ń sanwó, ẹni tó ní àkáǹtì níbẹ̀ ló wà fún, nítorí náà ẹ mú káàdì àti owó real díẹ̀ lọ́wọ́. Ẹ kọ́ Potogí díẹ̀ pẹ̀lú, kì í ṣe Sípáníìṣì.