Bí Ẹ Ṣe Máa Wọ Ọkọ̀ Ojú Irin Gonō ní Jàpáànì

Ẹ̀yin àbúrò mi ní Ṣábẹ̀ẹ́ tẹ́ ẹ ń bi mí léèrè nípa Jàpáànì, ẹ fi ọkọ̀ ayára-bí-àṣá sílẹ̀ ná. Àwa tí irin Kútọnu sí Parakou gba ìlú wa kọjá, tí a kì í rí ọkọ̀ èrò lórí rẹ̀ mọ́, Gonō ni ká lọ wò. Ó bẹ̀rẹ̀ ní Higashi-Noshiro ní ìpínlẹ̀ Akita, ó parí sí Kawabe ní Aomori: kìlómítà 147, ibùdó 43. Ọdún 1936 ni wọ́n parí rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ wá ìwé àsìkò ọkọ̀. Kì í ṣe gáréèjì wa, níbi tí awakọ̀ á ti máa pariwo pé ó ku ẹnì kan; tí àsìkò bá ti pé, ọkọ̀ wọn á lọ, ì báà ṣófo. Ẹ mú owó dání pẹ̀lú, torí káàdì Suica tí wọ́n fi ń san owó ọkọ̀ ní Tokyo kò ṣiṣẹ́ ní àwọn ibùdó etíkun yìí.

Ilẹ̀kùn kì í dédé ṣí, bọ́tìnnì lẹ máa tẹ̀. Níbi tí kò bá sí òṣìṣẹ́, ẹ gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ọkọ̀ iwájú wọlé, kẹ́ ẹ fa bébà kékeré tó ní nọ́ńbà yọ nínú ẹ̀rọ. Pátákó oníná tó wà lókè orí awakọ̀ á fi iye tí nọ́ńbà yín máa san hàn. Tẹ́ ẹ bá ń sọ̀, iwájú lẹ máa gbà. Ẹ ju bébà àti owó sínú àpótí. Àpótí yẹn kì í fúnni ní ṣẹ́ńjì! Ẹ̀rọ tó wà lára rẹ̀ ló ń ṣẹ́ owó bébà 1000 yen, ẹ tètè ṣẹ́ ẹ kí ibùdó yín tó dé.

Tẹ́ ẹ bá ń lọ síhà àríwá, òsì lẹ máa jókòó sí, ibẹ̀ ni òkun wà. Resort Shirakami, ọkọ̀ àwọn arìnrìn-àjò afẹ́, a máa gba owó ìjókòó lọ́tọ̀. Ìjókòó A, tó wà níhà òkun, ni kẹ́ ẹ béèrè.

Ní Noshiro, àwọ̀n bọ́ọ̀lù básíkẹ́ẹ̀tì wà lórí pèpéle ibùdó. Ẹ ju bọ́ọ̀lù tiyín sí i. Senjojiki jẹ́ àpáta pẹrẹsẹ tí ìmìtìtì ilẹ̀ ọdún 1793 gbé jáde látinú òkun, àwọn Resort kan sì máa ń dúró níbẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 15. Bàtà tí kì í yọ̀ ni kẹ́ ẹ wọ̀, kẹ́ ẹ sì tẹ́tí sí fèrè ọkọ̀.

Todoroki ni tèmi. Ilé pákó kékeré, òkun níwájú rẹ̀, kò sí òṣìṣẹ́, Resort kì í sì dúró níbẹ̀. Ẹ gbé omi àti oúnjẹ dání, torí ó lè ju wákàtí mẹ́ta lọ kí ọkọ̀ mìíràn tó dé. Ọkọ mi ní kí lòun fẹ́ wò níbẹ̀, ló bá bá ọkọ̀ lọ. Ó mọ̀ ọ́n lára.

Ibùdó Kizukuri ní ère ńlá kan níwájú, ojú rẹ̀ wú, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan sì gé, gẹ́gẹ́ bí ère amọ̀ àtijọ́ tí wọ́n wú jáde nínú ilẹ̀ ní Kamegaoka. Tó bá jẹ́ oṣù Kejìlá sí oṣù Kẹta, ẹ sọ̀ ní Goshogawara, kẹ́ ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin mìíràn tó ń jẹ́ Tsugaru, tó ní àdògán èédú nínú. Wọ́n ń sun ẹran òkun gbígbẹ ẹlẹ́sẹ̀ púpọ̀ lórí rẹ̀ tà fún èrò. Àmọ́ ìjì òtútù a máa dá ọkọ̀ Gonō dúró, ẹ má fi ọjọ́ ìrìn yín há.

Ẹ má yára sọ̀ ní Kawabe: ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ló ń bá a lọ sí Hirosaki, ibẹ̀ lẹ ti máa rí òtẹ́ẹ̀lì.